Lẹ́tà sí Màmá Òṣogbo lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà orí yìnyín

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o, mà. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìbínú. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́yìn tí ẹ wo fídíò wa, látòkè délẹ̀, títí kan ibi tí ẹ ti ní, "Àjàní, ọ̀kadà tó fọ́ ẹsẹ̀ bàbá ẹ náà lo wá ń gbé ọmọ gùn nínú òtútù?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá sí èmi lẹ́nu, torí mo rántí alẹ́ tí wọ́n gbé bàbá wọlé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kadà, mà. Snowmobile ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tí a fi ń rìn lórí yìnyín. Kò ní táyà rárá. Síkì méjì tó ń yọ̀ lórí yìnyín ló wà níwájú rẹ̀, pẹlẹbẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ; lẹ́yìn, bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan tó ní eyín ló ń tì í lọ. Ọ̀kadà, ọwọ́ la fi ń yí i kó tó sáré. Eléyìí, àtàǹpàkò ọ̀tún la fi ń tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbé àtàǹpàkò kúrò, eré rẹ̀ rọ nìyẹn. Okùn kan tún wà tí mo máa ń so mọ́ ẹ̀wù mi: bí mo bá ṣubú, okùn á yọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Ọlọ́kadà wo lẹ rí tó ní irú ẹ̀?

Ẹ rántí ọdún méje àkọ́kọ́ tí mo lò ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà níbí. Tó bá ti di oṣù Kọkànlá, ibi iṣẹ́ sí ilé, ilé sí ibi iṣẹ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn ọmọ á máa wo tẹlifíṣọ̀n, èmi á máa wo fóònù, a ó jọ máa ka oṣù bí ẹlẹ́wọ̀n. Yìnyín tí àwa mọ̀ nílé, òjò ló ń bá já, á máa ró lórí páànù. Tibí kì í dún. Á kàn máa bọ́ bí òwú àràbà lóru, ẹ óò jí, ẹ ò ní rí mọ́tò yín mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló fà mí jáde. Ó ní ìtìjú ni kéèyàn máa gbé ìpínlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Polaris ti ń ṣe snowmobile láti àwọn ọdún 1950, ní Roseau lọ́hùn-ún nítòsí ààlà Kánádà, kó má tíì gùn ún rí. Ó wọ́n o, n ò ní purọ́. Méjì la rà, tòkúnbọ̀ la ó pè é nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún gbẹ̀bí, ẹ gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wà ní Valcourt, ní Quebec ní Kánádà, Joseph-Armand Bombardier. Nígbà òtútù ọdún 1934, inú ń run ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì. Yìnyín ti dí ọ̀nà, wọn ò rí i gbé dé ọsibítù, ọmọ náà kú. Ó ti ń dán ọkọ̀ orí yìnyín wò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn kò sinmi mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn méje ló kọ́kọ́ ń tà, àwọn dókítà sì wà lára àwọn tó ń rà á. Kékeré tí a fi ń ṣeré, tó pè ní Ski-Doo, kò jáde títí di 1959. Mo rántí obìnrin tí ẹ máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, tí àgbàrá gbé afárá lọ nígbà tó ń rọbí.

Ní ti àwọn ọmọ: èyí àgbà ti pé ọdún 13, ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, torí òfin ibí ò gbà kó gùn ún láìní in. Èyí àbúrò ń jókòó sẹ́yìn mi. Lórí adágún, ìjọba ní kí omi dídì nípọn tó ínǹṣì 5 sí 7 kí snowmobile kan tó gbà á kọjá. Èmi ò tiẹ̀ débẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀bá omi ni mo ń gbà.

Ọ̀nà tí a fẹ́ràn jù ló lọ láti Duluth dé Grand Marais, máìlì 146, a ò sì tíì rìn ín dé ìdajì rí. Tí a bá pa ẹ́ńjìnnì láàárín igbó, ẹ óò gbọ́ tí yìnyín ń jábọ́ láti orí ẹ̀ka. Ebi ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn èèyàn ibí ní agolo irin kan tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù èéfín, wọ́n á ki sọ́séèjì sí i kó lè gbóná bí wọ́n ṣe ń lọ. Móínmóín eléwé la ki sí tiwa. Nígbà tí a ṣí i, gbogbo wọn yí wa ká, ọ̀rẹ́ mi jẹ mẹ́ta, ó sì ń bi mí bóyá ewé náà ṣeé jẹ.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ni akoto aláwọ̀ àlùkò tó wà lórí ìjókòó nínú fídíò, nígbà tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dé tiwa. Tiyín ni, mà. Gèlè tí ẹ gbàgbé síbí ní oṣù Kẹjọ ni mo fi díwọ̀n orí yín, ó wá tóbi díẹ̀.

Ọmọ yín,
Àjàní