Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹ Tún Ìwé Yẹn Kọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn pé ara Màmá ti le. Nígbà tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn já gaara ju tèmi lọ. Èmi náà wà láàyè, mo ń ṣiṣẹ́. Òtútù ti dé, ilẹ̀ ń tètè ṣú, ẹni tó bá sì ti ibi iṣẹ́ wọlé kì í fẹ́ jáde mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ráyè kọ lẹ́tà gígùn yìí, torí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kọjá èyí tí èèyàn ń sọ sínú WhatsApp lórí ìdúró.

Ẹ bi mí nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn pé kí ni mo fi gbogbo ọdún yìí ṣe, yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ìwé ni mo kà. Mo kà nínú ọkọ̀ ojú irin, mo kà lórí ibùsùn, mo kà níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ní ká sinmi díẹ̀. Ilé ìkàwé ìlú tí mo ń lọ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, bí wọn ò bá sì ní ìwé kan, wọ́n á bá èèyàn wá a lọ sí ilé ìkàwé mìíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iye ìwé tí wọ́n parí ni wọ́n máa ń kà fún aráyé tí ọdún bá ń lọ sópin. Èmi ò ka tèmi. Ọ̀pọ̀ ni mo tiẹ̀ jù sílẹ̀ lágbede méjì. Mo rántí pé ẹ kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé ìwé téèyàn bá ṣí, dandan ni kó parí rẹ̀. Ẹ má bínú, mi ò sí nínú ìjọ yẹn mọ́. Ìwé tó dáa pọ̀ ju ọjọ́ ayé ẹni lọ, èyí tí kò bá ti mú mi lọ́kàn títí orí kẹta, mo dá a padà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí. Àwọn ìwé tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù lọ́dún yìí, tí mo bá wo ìtàn bí wọ́n ṣe délé ayé, mo máa ń rí i pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n má sí rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí The History of the Yorubas bẹ̀rẹ̀, ìwé Àlùfáà Samuel Johnson. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ ìwé yẹn láàárín wa. Ẹni tó bá ń jiyàn lórí Ọ̀yọ́, lórí Ìbàdàn, lórí ogun Kírìjì, òun ló máa ń fà yọ láti fi pa ẹnu ẹlòmíràn mọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, àwọn tó ń fi í jiyàn yẹn, mélòó nínú wọn ló kà á láti páálí dé páálí? Ó lé ní 600 ojú ìwé. Ọdún yìí lèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán, ohun tó sì kọ́kọ́ dá mi dúró kì í ṣe ìtàn ọba kankan. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kọ sí iwájú ìwé náà ni.

Ó lé ní ogún ọdún tí Samuel fi ṣe làálàá ìwé yẹn. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n ti ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tó di 1900, Obadiah dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ bá òǹtẹ̀wé náà fúnra rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn ò mọ ibi tí ìwé náà wọlẹ̀ sí, pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, owó! Èló lèèyàn ń san fún ogún ọdún ìbéèrè lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí púpọ̀ nínú wọn ti kú? Obadiah ò pariwo nínú ọ̀rọ̀ tó kọ, ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé lójú òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun, ọ̀rọ̀ náà ní abẹ́nú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 1901, Samuel kú. Kò fojú kan ìwé rẹ̀.

Àbúrò yìí ló wá kó àwọn àkọsílẹ̀ àti bébà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ tó sì fagi lé jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ látòkè délẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ó dìde lọ́jọ́ kejì o. Ọdún gorí ọdún kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó ń bà òun lẹ́rù, iṣẹ́ dókítà kò sì fún òun láyè. (Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà.) Nígbà tó wá parí, tí ìwé tún wọ ọkọ̀ ojú omi, ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Oṣù kìíní ọdún 1916 ni àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ yẹn, Appam lorúkọ rẹ̀, lójú agbami, wọ́n sì gbé e tẹrùtẹrù lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi, irú ẹ̀rín téèyàn ń rín tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹkún. Ìwé náà padà jáde láti Amẹ́ríkà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, bébà tún di ọ̀wọ́n nítorí ogun. 1921 ló tó jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920.

Torí náà, ìwé tí a fi ń jiyàn yìí, ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ ni. Àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á.

Mi ò sọ pé mo gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ o. Johnson ń gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó ti ibòmíràn wá tí wọ́n ń ráhùn ò jẹ̀bi. Àwọn ibì kan wà tí ogun ń gorí ogun títí èèyàn ò fi ní mọ ẹni tó ń bá ẹni jà mọ́. Ṣùgbọ́n orí tó ti sọ̀rọ̀ nípa orúkọ, àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì, mo kà á, mo tún un kà.

Ẹni tó bá wà lókè òkun kò gbọdọ̀ dàgbà tán láìka Second-Class Citizen, tí Buchi Emecheta tẹ̀ jáde ní 1974. Adah lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London. Ọkọ ń kàwé, ìwé ò tán. Ìyàwó ló ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Oyún ń tẹ̀lé oyún, àwọn onílé ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú nítorí àwọ̀ wọn. Gbogbo èyí ni Adah ń fara dà, títí ọjọ́ tó kọ ìwé, tí ọkọ sì dáná sun ún. Mo pa ìwé dé níbẹ̀, mo jókòó fúngbà díẹ̀. Kì í ṣe àròsọ lásán, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ Emecheta alára sun ìwé àkọ́kọ́ tó kọ. Emecheta kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó jáde nílé náà. Ó ń tọ́ wọn, ó ń ṣiṣẹ́, ó kàwé gboyè ní Yunifásítì London, ó sì tún ìwé tó jóná yẹn kọ. The Bride Price lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1976.

Òun ni mo kà tẹ̀lé e. Tí a bá ní ká sọ òótọ́, kò dùn tó Second-Class Citizen. Ṣùgbọ́n mi ò lè kà á bí mo ṣe ń ka ìwé mìíràn, torí mo mọ̀ pé ó ti di eérú rí.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fimú fínlẹ̀ kiri. Mo wá rí i pé Things Fall Apart, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, ẹ̀dà kan ṣoṣo tí Chinua Achebe fọwọ́ kọ ló fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá èèyàn tẹ ìwé ní táìpù ní London. Ẹ̀dà kan ṣoṣo! Wọ́n gba owó, wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ níléeṣẹ́ rédíò, Angela Beattie, tó lọ lo ìsinmi nílé, ló lọ dúró sí wọn lọ́rùn kí wọ́n tó bá a tẹ̀ ẹ́. Ìwé jáde ní 1958. Ẹ tún wo Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ará Kenya tó kú ní 2025. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kamĩtĩ ló wà ní 1978 tó ń fi èdè Gĩkũyũ kọ Caitaani Mũtharaba-inĩ sórí bébà ìnùdí. Àwọn wọ́dà tú yàrá rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ, Ọlọ́run ló ní kí wọ́n dá a padà. Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti ka ìwé Thomas Carlyle lórí ìyípadà ìjọba nílẹ̀ Faransé, torí mo gbọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ kan fi abala kìíní rẹ̀ dáná ní 1835, ní tìtorí pé ó rò pé pàǹtí ni. Ìwé náà le ju agbárí mi lọ, mo dá a padà. Ọ̀rẹ́ Carlyle tí ìwé náà ti jóná lọ́wọ́ rẹ̀, John Stuart Mill, fẹ́ fún un ní £200, Carlyle gba ìdajì, ó sì jókòó tún un kọ. Owó náà lẹ tún rí yẹn.

Kí ẹ má baà rò pé ẹkún nìkan ni mo ń kà, mo rí Àjà Ló Lẹrù gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ọ́, kò tíì gbó. Lápàdé, akọni inú ìwé náà, ṣì ń sọ kòbákùngbé ọ̀rọ̀ sí àwọn ọ̀daràn, èmi sì ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ ojú irin títí ẹni tó jókòó tì mí fi dìde lọ síbòmíràn. Èdè yẹn ni mo fẹ́. Ẹni tó bá ti ń fi èdè oníṣẹ́ ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀, tó bá kan Yorùbá tí wọ́n sọ dénú báyìí, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ní ìparí rẹ̀ ni mo padà sórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe inú igbó ni Fágúnwà ti bẹ̀rẹ̀. Baba arúgbó kan ló wá bá òǹkọ̀wé níbi tó jókòó sí, tó ní kó mú kálàmù àti bébà, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fo ibẹ̀ kí n lè tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn iwin. Lọ́dún yìí, ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù. Baba náà ò fẹ́ kú tòun ti ìtàn òun.

Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sí, tó sọnù nígbà tí ẹ ń kó kúrò nílé àtijọ́. Ẹ sọ fún mi pé ohun tó lọ ti lọ, pé kí n má mẹ́nu kàn án mọ́. Mo gbọ́, mo sì pa ẹnu mọ́ títí di òní. Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ mẹ́nu kàn án.

Ẹ tún un kọ. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì wọ́n tí wọ́n ń sọ ọ́, oorun lèmi ń sùn. Ẹ lè ní kò sí àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ yín tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí ni mo tọ́jú. Mo yẹ̀ wọ́n wò, mo sì rí i pé ẹ kọ ìtàn bí Bàbá Àgbà ṣe kúrò nílé sínú ọ̀kan, ẹ kọ ìjà orí ilẹ̀ yẹn sínú òmíràn, ẹ sì máa ń fi “bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́” bẹ̀rẹ̀. Mo ti da gbogbo ibi tó kàn án kọ, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ kà á, ẹ fagi lé ibi tí kò bá tọ̀nà, kí ẹ máa fi èyí tó kù lé e. Kò pọn dandan kó dùn ún kà. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ máa sọ ọ́ sínú fóònù kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fi ránṣẹ́ sí mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò ní fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sílẹ̀ láé.

Mo fi Second-Class Citizen kún un. Ìyá Ìbejì ni mo rà á fún o, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kà á tán.

Ẹ bá mi kí Màmá. Kí ẹ sì bá mi bi wọ́n: kí ni orúkọ ìyá tó bí Ìyá Àgbà? Mo wá a títí nínú àwọn lẹ́tà yín, kò sí níbẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín.