Lẹ́tà ẹ̀sùn: ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méje tí ẹ tà fún wa láìsí sípíà táyà

Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méje tí ìdílé wa rà lọ́wọ́ yín ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní àbùkù, jíà rẹ̀ ń wọlé dáadáa, éésì rẹ̀ sì ń fẹ́ dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Abẹ́ búùtù ni ẹjọ́ wà.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ ó rí ihò rogodo kan tí wọ́n ti ṣe mọ́ ara ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 63 sẹ̀ǹtímítà, jíjìn rẹ̀ jẹ́ 15. Ilé sípíà táyà ni. Ṣùgbọ́n fóòmù dúdú ni wọ́n gé dí i, inú fóòmù náà ni wọ́n tẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ táyà sí pẹ̀lú ìgò gọ́ọ̀mù olómi kan. Kò sí jáàkì, kò sí sípánà. Táyà kọ̀ọ̀kan tún ní nọ́ọ̀tì kan tó ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kó tó tú, ẹ kò sì kó kọ́kọ́rọ́ yẹn fún wa. Ìyẹn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ ṣàánú wa, tó yá wa ní táyà, a kò lè tú èyí tó bẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò gọ́ọ̀mù pé kó má kọjá ti kọjá kí ẹ tó ta ọkọ̀ náà.

Gọ́ọ̀mù yẹn ní ibi tó ti wúlò, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ìṣó kékeré bá gún ojú táyà níbi tó fi ń tẹlẹ̀, èèyàn lè so rọ́bà ẹ̀rọ mọ́ fáàfù kí gọ́ọ̀mù wọlé, kó fẹ́ táyà náà fún bí ìṣẹ́jú 10, kó rọra wakọ̀ kìlómítà díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè yí ká inú rẹ̀, kó sì tún wọn atẹ́gùn rẹ̀ wò. Agbára rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya, gọ́ọ̀mù kò lè dí i, nítorí gbogbo ìgbà tí táyà bá yí ni ẹ̀gbẹ́ ń tẹ̀ tó tún ń nà. Bí ríìmù bá tẹ̀, atẹ́gùn á máa gba ètè rẹ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ìgò náà wúlò. Fọ́kanáísà tó bá tú táyà náà lẹ́yìn ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ oje inú rẹ̀ kúrò, kó jẹ́ kó gbẹ, kó tó lè lẹ ohunkóhun mọ́ ọn.

Kòtò ló ń ba táyà jẹ́ lójú ọ̀nà tiwa. Ọ̀nà àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó gba Odò-Ọbà kọjá, ni tírélà tó ń ti Èkó lọ sí Ìlọrin àti òkè ọya ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹnu kòtò á mú bí ẹnu àáké. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí i, ẹnu kòtò á fún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ ríìmù, òwú inú rẹ̀ á já. Bí kò bá bẹ́ lójú ẹsẹ̀, á yọ kókó níta bí ibi tí agbọ́n ta, kò sì ní pẹ́ kó tó bẹ́.

Táyà tí ẹ fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà ló tún dá kún un: 225/45R18, ìyẹn ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 18. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ètè ríìmù dé ilẹ̀, jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 101. Ìwé tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ sọ pé ọkọ̀ kan náà lè lo 205/60R16, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó 123. Mìlímítà 22 yẹn ni rọ́bà àti atẹ́gùn tí ì bá gba ìyà kòtò kó tó dé ríìmù. Ríìmù ńlá dára lójú nínú àwòrán ìpolówó, mo gbà. Àmọ́ ẹni tó ń ra ọkọ̀ láti fi gbé ọmọ àti ìyá àgbà kò béèrè fún un, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló pinnu fún un.

Ẹ tún wo ẹrù. Ìwé kan náà sọ pé ọkọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá gbé kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2,100. Òfìfo rẹ̀ jẹ́ 1,560, ó ku 540. Bí èèyàn méje bá jókòó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 70, 490 ti lọ. Àpò ìrẹsì kan ṣoṣo ló kù. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé yín ní kí atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn jẹ́ 42 nínú géèjì tí fọ́kanáísà ń lò (PSI), nígbà tó jẹ́ 35 ni fún èèyàn mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún wa lọ́jọ́ tí a rà á. Bí 35 bá wà nínú táyà tí ọkọ̀ sì kún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀ jù, á gbóná, á sì bẹ́ lórí eré.

Òṣìṣẹ́ yín fèsì fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tuntun ṣe rí báyìí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Yíyọ sípíà kúrò ń dín ìwúwo ọkọ̀ kù, ó ń dín epo tó ń mu nínú ìdánwò kù, ó sì ń dín owó tí wọ́n fi ṣe é kù. Ní Yúróòpù, ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ á pe ọkọ̀ tí yóò wá gbé e. Ta ni kí ìdílé pè láàárín Odò-Ọbà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí tírélà ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn? Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó náà ń béèrè sípíà, wọn kì í béèrè ìgò gọ́ọ̀mù.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Táyà 205 kò lè wọ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí náà n kò béèrè fún un. Sípíà tẹ́ẹ́rẹ́ T125/80R16 á wọ̀ ọ́: nínípọn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì kò tó 61. Kí ẹ fún wa ní ọ̀kan lórí ríìmù tó bá nọ́ọ̀tì ọkọ̀ yìí mu, kí atẹ́gùn rẹ̀ jẹ́ 60, pẹ̀lú jáàkì, sípánà àti kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì náà. Kìlómítà 80 láàárín wákàtí ni kó má kọjá lórí rẹ̀, ìyẹn sì tó láti dé ìlú. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún àwọn oníbàárà yín pé bó bá jẹ́ táyà iwájú ló bẹ́, kí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn lọ síwájú, kí wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn, nítorí iwájú ni ẹ́ńjìnì ti ń wa ọkọ̀ náà.

A tún ń fẹ́ kí ẹ gba ríìmù 18 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, kí ẹ fún wa ní 16 pẹ̀lú táyà tuntun. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà, la ó kọ́kọ́ wò lára rẹ̀. Bí ẹ bá gbé èyí tó ní 1820 wá, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2020 ni wọ́n ṣe é, a kò ní gbà á.

A ń retí èsì yín nínú ìwé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Títí dìgbà náà, a kò ní gbé ọmọ kankan sínú ọkọ̀ náà jáde kúrò nílùú.

Èmi ni oníbàárà yín,
ní orúkọ gbogbo ìdílé.