Orúkọ Wọn Kò Gbọdọ̀ Sọnù

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ ìrántí àwọn ọmọ ogun
Bíbélì kíkà: 2 Samuẹli 2:18–23, 23:24–39

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun. Ìjọba yóò ṣe tiwọn ní 15 January gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ní Remembrance Arcade tó wà ní Tafawa Balewa Square. Àwa tí à ń gbé Erékùṣù Èkó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn kọjá lójoojúmọ́ tí a bá fẹ́ wọ mọ́tò, síbẹ̀ a kò mọ ohun tó wà nínú ibẹ̀. Ìrántí ogun mẹ́ta ló wà nínú Arcade náà: ogun àgbáyé kìíní, ogun àgbáyé kejì, àti ogun abẹ́lé tiwa. Kí wọ́n tó kọ́ ọ ni Èkó ti mọ Sójà Ìdúmọ̀tà. Orúkọ ère yẹn di ohun tí a fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò, a sì gbàgbé pé nítorí àwọn tó kú ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi kíkà wa. Ọmọ ìyá ló ń bá ara wọn jà nínú ogun ilé Dafidi àti ilé Saulu. Asaheli, àbúrò Joabu, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ púpọ̀, gbá tẹ̀lé Abneri, balógun ilé Saulu. Abneri bẹ̀ ẹ́ pé kó yà lẹ́yìn òun, kò yà. Ìdí ọ̀kọ̀ ni Abneri fi gún un pa. Bíbélì sọ pé gbogbo ẹni tó dé ibi tí Asaheli ṣubú sí ló dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ère níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fun fèrè, ogun kò sì tíì parí. Wọ́n ṣáà dúró.

Orí kẹtàlélógún ló wá gbé iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́. Orúkọ àwọn akọni Dafidi ló wà níbẹ̀. Asaheli ló ṣáájú nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní àwọn ọgbọ̀n, Uria ará Hitti ló kẹ́yìn. Àjèjì ni Uria, ọba fúnra rẹ̀ ló sì ta ọgbọ́n tí wọ́n fi pa á. Akọ̀wé ì bá ti fò ó kí ojú má baà ti ààfin. Kò fò ó. Ó kọ ọ́, ó sì kà á mọ́ iye wọn: gbogbo wọn jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ẹ tún wo bó ṣe kọ wọ́n: Ira ọmọ Ikkeṣi ará Tekoa, Abieseri ará Anatoti. Ó kọ orúkọ, ó kọ ìlú, ó sì kọ orúkọ bàbá níbi tó ti rí i.

Àwọn sójà tiwa kò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Nígbà tí òyìnbó ń kó ọmọ ogun jọ fún West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, orúkọ àbísọ ènìyàn àti ìlú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé. Wọn a kọ “Ojo Ibadan”, wọn a kọ “Lawani Ilorin”, bí ẹni pé ìlú ló bí i. Orúkọ bàbá ṣègbé síbẹ̀. Ojo mélòó ló wà ní Ìbàdàn? Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹbí fi ń wá orúkọ ìdílé wọn kiri títí dòní tí wọn kò rí i.

Ibi tí wọ́n sì kú sí jìnnà. Lẹ́yìn ogun Kamẹrúùnù tí wọ́n jà láti 1914 dé 1916, wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà sínú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó ní November 1916, ó di Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Lẹ́bàá odò Rufiji, ebi àti àìsàn pọ́n wọn lójú nígbà òjò ọdún 1917. Ní October ọdún yẹn, ìjà Mahiwa gbé ọjọ́ mẹ́rin, ó sì le fún tọ̀túntòsì. Lẹ́yìn àwọn tó gbé ìbọn ni àwọn alárù wà, àwọn tó ru oúnjẹ àti ọta lórí. Àìsàn àti àárẹ̀ pa wọ́n ju ọta lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní sàréè tí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ti ogun Hitler, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Bọ́mà (ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí), sún mọ́ wa díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ló lọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 81st Division àti 82nd Division. Àmì aláǹtakùn ni 81st so mọ́ aṣọ. Wọ́n la ọ̀nà máìlì 75 gba orí òkè kí wọ́n tó wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ló sì ń rù ú síwájú. Níbẹ̀ ni àwọn ará Japan ti kọlu ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lẹ́bàá odò ní March 1944. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn olùtọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Ìbọn fọ́ itan rẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló gbé òun àti David Kagbo ará Sierra Leone pamọ́ títí ọdún náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Fadoyebo darúgbó kó tó kú ní 2012. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà létí odò yẹn kò padà wálé. Ẹni tí kò ní sàréè nínú ogun Bọ́mà, ara àwọn ọwọ̀n Rangoon Memorial ní ibojì Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon, ni orúkọ rẹ̀ wà. Orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 ló wà lára wọn, Hausa, Yorùbá, Igbo, ará Íńdíà, òyìnbó, gbogbo wọn papọ̀.

Ní ti ogun abẹ́lé, ẹ mọ ìdí tí a fi gbé ọjọ́ ìrántí kúrò ní 11 November bọ́ sí 15 January: ọjọ́ yẹn ní 1970 ni àwọn aṣíwájú Biafra wá fi ìwé ìtúúbá lé Ọ̀gágun Gowon lọ́wọ́ ní Èkó níbí. Nínú ìjọ yìí, ẹni tó kú níhà kejì náà wà nínú àdúrà wa. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó padà lọ ka ọ̀rọ̀ Asaheli.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Johanu 15:13, ẹsẹ tó sọ pé kò sí ìfẹ́ tó ju kí ènìyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Àwọn kan fínnúfíndọ̀ lọ, àwọn kan lọ nítorí owó oṣù, àwọn mìíràn baálẹ̀ ló tọ́ka sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀. Ikú kan náà ni wọ́n kú. A kò nílò láti sọ gbogbo wọn di ajẹ́rìíkú kí a tó lè bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá bàbá-bàbá yín, ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kú láàárín 4 August 1914 sí 31 August 1921, àti 3 September 1939 sí 31 December 1947, nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ kò ní rí ẹni tó padà bọ̀ láàyè tàbí ẹni tó kú nínú ogun abẹ́lé. Ẹ má kọ́kọ́ kọ orúkọ ìdílé yín. Orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ìdílé, lẹ́yìn náà kí ẹ yan ogun tí ẹ ń wá àti Nigeria Regiment. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́: Oshogbo, Ilesha, Ogbomosho, Shaki. Bí kò bá jáde, ẹ gbìyànjú orúkọ ìlú ńlá tó wà nítòsí, torí ẹni tó wá láti abúlé lè sọ pé Ìbàdàn ni òun ti wá. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí bàbá tí ẹ mọ̀ sí Samuẹli bá jẹ́ Sanni nínú ìwé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti ṣe ìrìbọmi kí wọ́n tó lọ.

Nọ́ńbà iṣẹ́ sójà dára ju orúkọ lọ. Ti ogun kejì fún àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Ẹ wò ó lára ìwé ìfẹ̀yìntì tàbí ẹ̀yìn lẹ́tà àtijọ́. Bí medal bá wà nínú àpótí, ẹ yí etí rẹ̀ wò: èyí tó jẹ́ ti ogun kìíní sábà máa ń ní orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí etí. Burma Star, ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà, kò ní orúkọ lára rárá, nítorí náà rírí tí ẹ rí i nínú àpótí kò tíì sọ ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá sì wá a tì, ẹ má pe bàbá yín ní òpùrọ́. Ní April 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì, pé àwọn tó kú nínú ogun kìíní tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan kò dín ní 116,000, Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ọjọ́ Sátidé la ó fọ òkúta ìrántí tó wà lára ògiri ilé ìjọsìn wa. Mábù ni, òjé ni wọ́n sì fi kún inú lẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ lẹ́tà tán, wọ́n lu ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi òòlù tẹ òjé wọlé kó lè di ibẹ̀ mú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀bẹ tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, òjé á yọ, orúkọ á wá di ihò mẹ́ta mẹ́rin tí kò ṣeé kà. Omi tó mọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nìkan la ó lò. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín dáadáa, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi ìdọ̀tí má baà fa ìlà sára ibi tó gbẹ, kí ẹ wá ṣan án láti òkè wálẹ̀. Bílíìṣì kò gbọdọ̀ kàn án: yóò funfun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ á wọnú òkúta lọ, á gbẹ síbẹ̀, á sì máa hó ojú mábù díẹ̀díẹ̀. Ásíìdì tí a fi ń fọ táìsì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló ń jẹ mábù. Ẹ má sì bá mi mú ọ̀dà wá. Ọ̀dà funfun tí a ń kùn sára ọwọ̀n ìrántí lọ́dọọdún nílẹ̀ wa ti bo orúkọ tó pọ̀ ju èyí tí òjò pa rẹ́ lọ.

Ní ti ìsìn fúnra rẹ̀: aago mẹ́sàn-án la ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìwàásù, a ó ka orúkọ, fèrè Last Post tí àwọn sójà fi ń dágbére fún òkú yóò dún, a ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, fèrè Reveille yóò sì gbà á. Kí fèrè àkọ́kọ́ tó dún ni kí ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ti pa á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí yóò ka orúkọ kó ti kà á sókè nílé, kó má baà máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìlú onílùú lórí pẹpẹ. Ìsàlẹ̀ òkúta la ó gbé òdòdó tí. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ mábù, nítorí gọ́ọ̀mù inú séèlótéèpù á dúró síbẹ̀, á sì máa kó eruku ọyẹ́ jọ. A kò ní tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ti há mọ́nú páálí láti ìdájí kì í fẹ́ fò nígbà tí wọ́n bá ṣí i, àwọn ènìyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni túmọ̀ àlá.

Òdòdó pupa tí ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ń tà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Àwọn opó ọmọ ogun ló ń jẹ nínú owó rẹ̀, ẹ má na ọwọ́ gbà á láìsan nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ tí ẹ fẹ́ kí a kà, yálà ti ogun àtijọ́ tàbí ti ọmọ yín tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ológun láìpẹ́ yìí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀: orúkọ rẹ̀, ọmọ ta ni, ará ibo ni, ogun wo, ọdún wo bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ fi àmì ohùn sí i. Bí ẹ bá ní ìwé tàbí fọ́tò, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ mú wá. Ojúlówó kó dúró sílé.