Délé, mo na ìbọn sí sánmà

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Kánádà, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọjà Olúwo ń kún, ẹja ń wọ́n, a dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ voice note ẹ yẹn, èyí tó o ti ní ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ yín ń sọ pé irọ́ ni ayé tó ń gbóná yìí, pé carbon dioxide, gáàsì inú èéfín tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yẹn, ò tó nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́. Mo ní mi ò ní dá ẹ lóhùn lórí fóònù, torí mo ti rí nǹkan kan.

Ṣó o rántí ìbọn tẹmọ́mítà tí mo fi ń yẹ ẹja wò ní kóòlù rúùmù, tó jọ èyí tí wọ́n ń na sí wa níwájú orí nígbà kòrónà? Nínú ọyẹ́ tó kọjá, iná lọ, mo jáde lọ tan jẹ̀nẹ́rétọ̀ ní bí aago 11 alẹ́, ni mo bá ṣèèṣì na ìbọn yẹn sókè. Délé, -9 ló kà! Mo nà án sílẹ̀ẹ́lẹ̀, 24. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, àfìgbà tójò ń ṣú lálẹ́ ọjọ́ kan ní April tí mo tún nà án sí ìkúukù, ó kà 18. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ yìnbọn fún àwọn málékà ni.

Ilẹ̀ tí oòrùn yan lọ́sàn-án, ó ń da ooru padà sókè lóru, ooru tójú ò rí. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ bíi ti ọyẹ́, ooru yẹn á kọjá lọ, ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi máa ń yáná láàárọ̀. Tómi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, á gbà á, á dá apá kan padà sí wa lára, kò sẹ́ni tó máa sùn. Ooru tó ń padà bọ̀ yẹn nìbọn mi ń kà. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni carbon dioxide ń ṣe (ìbọn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ rí tiẹ̀ ṣá, àwọn tó ṣe é ti yọ ibẹ̀ sílẹ̀), àmọ́ omi inú afẹ́fẹ́ ò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rọ̀ bí òjò, carbon dioxide tí jẹ̀nẹ́rétọ̀ mi tú síta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ-ọmọ wa á ṣì bá apá kan lára ẹ̀ lókè. Tó bá wá mú kí afẹ́fẹ́ fi degree kan gbóná sí i, afẹ́fẹ́ á lè gbé omi tó fi bíi 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi yẹn náà á tún dá ooru dúró.

Carbon dioxide yìí ò pọ̀ lóòótọ́, 420 àti díẹ̀ ni nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n nitrogen àti oxygen tó kó bíi 99 nínú 100, ooru yìí kàn ń gbàárín wọn kọjá ni, bíi pé wọn ò sí níbẹ̀. Wo búlúù tí ìyá mi fi ń fọ aṣọ funfun, ìwọ̀n orí èékánná nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo omi ti yí padà. Nígbà tí Charles Keeling, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn carbon dioxide lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, bíi 315 nínú mílíọ̀nù kan ló bá, kí wọ́n tó máa jó èédú káàkiri ayé, bíi 280. Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o: ní 1856, Eunice Foote ní Amẹ́ríkà gbé ìgò sínú oòrùn, èyí tó rọ gáàsì yìí sí gbóná ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, ó sì pẹ́ kó tó tutù.

Tí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá ní oòrùn ló le sí i, bi í pé kí ló dé tí afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún, stratosphere, fi ń tutù bí ìsàlẹ̀ ṣe ń gbóná. Oòrùn ì bá le sí i ni, tòkè-tìsàlẹ̀ ni ì bá jọ gbóná.

Jọ̀ọ́, wá irú ìbọn yìí, nà án sí sánmà yín lálẹ́ tí kò síkùúkù, kó o sọ iye tó kà fún mi. Èmi àti Súlè ti fi páálí títù kan ta á, òun ní kò ní tó -30.

Èmi ni,
Ráṣídì