Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọdún 2006 Dẹ́rù Bà Yín

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ń dùn mí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde.

Àwọn èèyàn á ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀rọ ara kọ̀ǹpútà sí, wọ́n á wo driver kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ náà, wọ́n á bá ọjọ́ 6/21/2006 (ọjọ́ 21 oṣù kẹfà) níbẹ̀. Àyà wọn á já. Kọ̀ǹpútà tuntun, driver àtijọ́! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó sọ́wọ́ àwọn áàpù tó ń pariwo pé gbogbo driver yín ti bàjẹ́, ẹ sanwó ká tún un ṣe. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn irú áàpù bẹ́ẹ̀: kò gbọ́ ohùn kankan mọ́, Wi-Fi sì ti kú pátápátá.

Ọjọ́ yẹn kì í ṣe àṣìṣe rárá. Microsoft ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sára àwọn driver tó bá Windows wá. Bí driver méjì bá bá ẹ̀rọ kan mu bákan náà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ tuntun jù ni Windows ń mú. Bí Microsoft bá ń fi ọjọ́ tuntun sí tirẹ̀, yóò máa borí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló mọ ẹ̀rọ wọn dénú. Ọgbọ́n ńlá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi driver sílẹ̀ láìtún ṣe o. Lọ́dún 2021, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gba ojú ihò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní PrintNightmare, tó wà nínú apá Windows tó ń bójú tó ìtẹ̀wé tó sì ń gba driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọlé, wọ inú Windows, kí wọ́n sì gba àṣẹ gbogbo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Microsoft sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ní àṣẹ alábòójútó nìkan ló lè fi irú driver bẹ́ẹ̀ sí i.

Windows Update ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tàbí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín; ẹ fi nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀ wá a. Bí tuntun bá dá wàhálà sílẹ̀, Roll Back Driver tó wà nínú Device Manager á dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí irú ìpolówó áàpù bẹ́ẹ̀ bá dé ọ́fíìsì yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, atúnkọ̀ǹpútà-ṣe