Lẹ́tà sí àbúrò mi lórí ọmọ wa tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdààmú ọkàn, ìwọ àti bàbá ọmọ. Mo ti ka ìwé àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́: etí ọ̀tún 85, etí òsì 90. Désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yẹn, òun ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó. Bí èèyàn méjì bá jókòó tira wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, ohùn wọn kì í ju nǹkan bí 60 lọ. Ọmọ wa kì í gbọ́ ohun tí kò bá tó 85. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń bá a sọ láti ọdún méjì yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe olóríkunkun. Àtẹ́wọ́ tí ẹ sì ń pa lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ń wẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sí i lọ́rùn, tàbí kó jẹ́ òjìji yín ló rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní odi. Ọ̀fun rẹ̀ kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí ni kò rí sọ.

Ìtọ́jú etí lè gba oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n èdè ò ní dúró dè yín. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ máa ń gba èdè wọlé bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń fa omi òjò. Bí àsìkò yìí bá kọjá tí kò rí èdè kankan gbà, ì báà jẹ́ ti ẹnu, ì báà jẹ́ ti ọwọ́, ìwé kíkà àti ìṣirò á nira fún un, títí kan bó ṣe máa ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ó ti lo méjì nínú márùn-ún náà. Nítorí náà, má dúró de ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, má dúró de ilé ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á sọ fún ọ pé bó bá mọ èdè adití, kò ní fẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Má gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti ní èdè lọ́wọ́ ló ní ohun tó fẹ́ fi ẹnu sọ.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ẹ ń lò lójoojúmọ́: omi, oúnjẹ, sùn, ìyá, bàbá, jáde, ó tán, tún fún mi, ó ń dùn mí, níbo. Gbogbo ará ilé ni kó kọ́ ọ, títí kan màmá àgbà àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń kùnà rèé: ọmọ tó ń gbọ́ràn lè máa wo abọ́ ẹ̀kọ kó sì máa gbọ́ ohun tí ò ń sọ nípa rẹ̀. Tiwa ò lè ṣe méjèèjì pọ̀, torí ojú rẹ̀ náà ni etí rẹ̀. Gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀. Jẹ́ kó wò ó tẹ́rùn. Dúró. Nígbà tó bá gbójú sókè wò ọ́, ìgbà yẹn ni kó o fọwọ́ sọ “ẹ̀kọ”, kó o tún jẹ́ kí ojú rẹ̀ padà síbi abọ́. Bó o bá ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀kọ, òfìfo lò ń bá sọ̀rọ̀. Má di àgbọ̀n rẹ̀ mú láti yí ojú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa yẹra fún ojú rẹ. Fọwọ́ kàn án léjìká, tàbí kó o ju ọwọ́ sí i níbi tó ti lè rí i. Fífi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ dáa nínú ilé onípákó. Sìmẹ́ńtì kì í mì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lálẹ́, bí iná bá lọ, gbé àtùpà síwájú ara rẹ, má gbé e sẹ́yìn, torí ojú àti ọwọ́ rẹ á ṣókùnkùn sí i.

Bó o bá ń wá fídíò èdè adití lórí fóònù, ti Amẹ́ríkà ni kó o wá, kì í ṣe ti ìlú ọba. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ adití tó gboyè ní Gallaudet, yunifásítì àwọn adití ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1954, ló gbé èdè náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé Ghana ní 1957, ó sì dá ilé ìwé adití sílẹ̀ n'Ibàdàn ní 1960. Lára èdè tó gbé wá yẹn ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni níbí ti hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adití ilẹ̀ wa ti fi àmì tiwọn kún un. Bí o ṣe máa dá a mọ̀ ni pé ọwọ́ kan ni Amẹ́ríkà fi ń ṣe ábídí, ìlú ọba ń fi ọwọ́ méjì ṣe é. Síbẹ̀, fídíò ò lè rọ́pò èèyàn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní ẹ̀ka àwọn adití. Wá àgbàlagbà kan níbẹ̀, san owó ọkọ̀ fún un, kó máa wá sílé yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Òun náà ni yóò fún ọmọ lórúkọ ọwọ́, ìyẹn àmì tí wọ́n á máa fi pè é. Àwọn adití ló máa ń fúnni, ẹ má fúnra yín ṣe é.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa wo ẹnu yín, ó tó. Lọ dúró síwájú dígí, sọ igbá, igba, ìgbà láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ètè kan náà ni. “Bá” àti “má” náà ò yàtọ̀. Ẹnu wíwò ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kò lè dá gbé Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá kàn. Má ra èyí tí wọ́n ń tà lójú pópó. Gbogbo ariwo ló máa ń gbé sókè bákan náà, kò mọ ìwé àyẹ̀wò ọmọ. Èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí ni kẹ́ ẹ gbà, méjèèjì, kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tò ó sí nọ́ńbà tiẹ̀. Róbà tó ń wọ ihò etí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Etí ọmọ ń dàgbà, nítorí náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀ róbà náà á ti dẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa súfèé. Bó bá súfèé, tún róbà fi sí i dáadáa. Bí kò bá dákẹ́, ẹ yẹ ìdọ̀tí etí wò. Bí kò bá sí ìdọ̀tí, ó tó àkókò láti ṣe òmíràn. Ẹ yọ róbà kúrò lára ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fẹ́ omi kúrò nínú okùn oníhò tó wà lára rẹ̀. Omi ò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Lálẹ́, ẹ ṣí ẹnu ibi bátìrì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ sínú ike olómọrí pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Òógùn ló ń pa á jù nílẹ̀ wa.

Bátìrì rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jí i. Bí o bá ṣí bébà ara rẹ̀, jẹ́ kó wà níta fún bí ìṣẹ́jú kan kó o tó fi sí i. Má ṣí i sílẹ̀ de ọ̀la, torí bó bá ti ṣí, ó ti ń tán lọ, bẹ́ ẹ lò ó, bẹ́ ẹ ò lò ó. Tì í mọ́ inú àpótí. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró wò ó. Ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun.

Láràárọ̀, bó bá ti wọ ẹ̀rọ, kọ́ ọ pé bó bá gbọ́ ohùn, kó ju ẹ̀wà kan sínú ife. Dúró ní mítà kan sí i, fi bébà bo ẹnu, kó o sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: m, u, a, i, ṣ, s. Ó lè má gbọ́ s láé, kò burú. Kọ àwọn tó gbọ́ sílẹ̀. Bí èyí tó gbọ́ lánàá bá pòórá lónìí, bátìrì tàbí okùn róbà ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó o tó bínú sí ọmọ.

Bí àkókò ilé ìwé bá tó, wọ inú kíláàsì kó o jókòó wò ó. Ṣé olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n fọwọ́ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀? Ṣé ó máa ń kọjú sí pátákó nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀? Ṣé àwọn ọmọ jókòó yíká tí kálukú lè rí ọwọ́ ẹnì kejì, àbí wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn? Ṣé fèrèsé wà lẹ́yìn olùkọ́, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń sọ ojú rẹ̀ di dúdú? Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ní ìpèníjà ara. Má jẹ́ kí ọ̀gá ilé ìwé ìjọba kankan lé e. Bó bá sì jẹ́ pé ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ni yóò lọ, ó di dandan kí ẹ̀yin náà túbọ̀ máa mọ̀ ọ́n fọwọ́ sọ, kí ọmọ má wálé ìsinmi bí àlejò tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ ṣe ìwọ̀n róbà etí, ẹ jẹ́ kó jẹun yó kẹ́ ẹ tó jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ihò etí wò, wọ́n á ti òwú kékeré tó ní okùn wọlé, wọ́n á sì fín ohun rírọ̀ kan sí i, tó máa le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó tutù, kì í dunni. Gbé e lé ẹsẹ̀, kó o gbé orí rẹ̀ ti àyà rẹ. Ẹ mú màmá àgbà dání, torí òun ló ń wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án; kó fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.