Rédíò ilé tẹ́tẹ́ ló ń bá wa kọ́ ọmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé fóònù ló ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́, kí òbí yáa gbà á lọ́wọ́ wọn. Fóònù wo? Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kan n'Ìbàdàn níbí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ mi, fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wọn, ìyá ló sì ń gbé e lọ sọ́jà.

Láìpẹ́ yìí, mo ní kí ọmọkùnrin kan ka ohun tí mo kọ sójú pátákó: "Bàbá ra ẹja tútù." Ó wo pátákó, ó wò mí, ó dorí kodò. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, ohùn rẹ̀ náà ni mo gbọ́ lábẹ́ fèrèsé. Ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń kà wuuru, àtorin àti nọ́ńbà tí wọ́n ní kéèyàn tẹ̀. Mo bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ilé tẹ́tẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá òun ti ń ta ẹ̀wà, rédíò wọn kì í sinmi. Ẹni tó há gbogbo ìyẹn sórí kì í ṣe olódo. (Ìpolówó tẹ́tẹ́ kan náà wà nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ má bínú.)

Ọmọ olówó náà ń wo fóònù o, àmọ́ ẹnì kan jókòó tì í, dátà sì wà. Ìyá oníẹ̀wà kò ní dátà tí ọmọ máa fi wo ẹ̀kọ́. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ní tiẹ̀ kì í jẹ dátà. Ká tó wá kan ọ̀rọ̀ ebi: oúnjẹ ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tèmi ti dàgbà kọjá jíjẹun, àbí?

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò. Ó dára. Màmá àgbà kan ládùúgbò wa ra bátìrì nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà inú rédíò ń sọ látòkè délẹ̀. Màmá pè mí: "Tíṣà, kí ni wọ́n ní kí ọmọ yìí ṣe?" Bí ilé ìwé ṣe wọlé padà, a ò gbọ́ ẹ̀kọ́ kankan mọ́ lórí rédíò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá. Ìjọba Awólọ́wọ̀ tó sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dọ̀fẹ́ ní 1955 náà ló dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀.

Ààbọ̀ wákàtí péré là ń tọrọ lórí rédíò ìpínlẹ̀, lágogo méje alẹ́ tí ìyá ti ti ọjà dé: ìwé kíkà àti ìṣirò, lédè Yorùbá. Tó bá jẹ́ pé ilé tẹ́tẹ́ ti ra àkókò yẹn, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rédíò ìpínlẹ̀ iye tí wọ́n san.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kíláàsì kẹrin, Ìbàdàn